Ṣúùtù rẹpẹtẹ, góòlù bíńtín: kí ló ń ṣe power play ẹgbẹ́ họ́kì yìí?

Òǹkàwé wa kan kọ̀wé pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Massachusetts. Ọmọ mi obìnrin ń kàwé ní yunifásítì kan níbí, òun ló mú mi mọ họ́kì orí yìnyín, ó sì ti wọ̀ mí lára débi pé bí mi ò bá sí níbi iṣẹ́ lálẹ́ Jímọ̀ àti Sátidé, eré wọn ni mò ń wò. Àmọ́ ẹgbẹ́ yìí fẹ́ pa mí. Wọ́n á ṣúùtù bíi 35 lálẹ́ kan, góòlù kan ni wọ́n á rí, nígbà mìíràn òdo. Nínú power play 30 tí wọ́n rí gbẹ̀yìn, 3 péré ló di góòlù. Gbogbo èrò á máa pariwo 'Ṣúùtù!', wọn ò ní gbọ́, páàsì ni wọ́n á máa ṣe kiri. Ṣé àwọn ọmọ yìí ò mọ̀ ọ́n gbá ni, àbí kóòṣì ló yẹ kí wọ́n lé?"

Ẹ kú ìfaradà, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti ṣiṣẹ́ nídìí fídíò fún ẹgbẹ́ họ́kì kọ́lẹ́ẹ̀jì rí. Iṣẹ́ mi ni láti gé eré sí wẹ́wẹ́ kí àwọn kóòṣì lè rí ibi tó ti bàjẹ́, nítorí náà ìbéèrè yín kò ṣàjèjì sí mi. Àwọn òbí máa ń fi dá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn eré. Ohun tó ń dùn yín yé mi: ẹgbẹ́ tí pọ́ọ̀kì (rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá) kì í wọ́n lọ́wọ́ wọn, tí aṣọ́lé ọ̀tá kì í sinmi, síbẹ̀ tí iná pupa ẹ̀yìn àwọ̀n tó ń kéde góòlù kì í tàn. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta lẹ dì sínú ẹrù kan. Góòlù tí kò wá nígbà tí ẹgbẹ́ méjèèjì pé márùn-ún márùn-ún wà níbẹ̀, power play tí kò ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀, orí burúkú lásán náà sì wà níbẹ̀. Oògùn wọn kò papọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí burúkú bẹ̀rẹ̀, torí òun ni kò sẹ́ni tó máa ń fẹ́ gbọ́. Fún ẹni tó ń kà á tí kò tíì wo họ́kì rí, eléré márùn-ún àti aṣọ́lé kan ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń ní lórí yìnyín. Bí ẹnì kan bá fi ọ̀pá gbé ẹlòmíràn ṣubú, tàbí tó dì í mú, rẹfirí á ní kó lọ jókòó sínú àgọ́ ìjìyà fún ìṣẹ́jú 2, mẹ́rin tó kù á sì máa kojú márùn-ún. Ìyẹn ni power play. Power play tó dára gan-an pàápàá, ìgbà tó ń kùnà pọ̀ ju ìgbà tó ń yọrí lọ. Ẹgbẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó bá ń rí góòlù kan nínú márùn-ún kò ní ohun ìtìjú kankan. Ní NHL, líìgì àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gbowó ńlá, èyí tó dára jù lọ nínú àkọsílẹ̀ ni ti Edmonton Oilers ní sáà 2022–23: ìdá 32.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Connor McDavid àti Leon Draisaitl, méjì nínú àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù lọ, wà nínú rẹ̀ o, síbẹ̀ nínú mẹ́ta tí wọ́n bá rí, méjì ń lọ lásán.

Ó wá kan 3 nínú 30 tiyín. Ká ní ẹgbẹ́ tó yẹ kó máa rí ọ̀kan nínú márùn-ún ni wọ́n lóòótọ́, 6 ló yẹ kí wọ́n rí nínú 30. Àmọ́ bí ẹ bá jókòó ṣe ìṣirò rẹ̀, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ á rí 3 tàbí kó má tó 3 ní nǹkan bí ìgbà 12 nínú ọgọ́rùn-ún, láìjẹ́ pé ohunkóhun bàjẹ́ lára wọn. Ẹgbẹ́ ọkùnrin tó wà ní ìpele kìíní NCAA, àjọ eré ìdárayá kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà, lé ní 60. Bí gbogbo wọn tilẹ̀ dọ́gba, bíi 7 nínú wọn á wà nínú irú ọ̀dá tí ẹgbẹ́ yín wà yìí nígbàkígbà tí ẹ bá wò, àwọn èrò tiwọn náà á sì máa wá ẹni tí wọ́n máa lé. Power play 30 kì í sábà ju eré mẹ́sàn-án mẹ́wàá lọ, ohun tí kò ju oṣù kan àti ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Mi ò sọ pé orí burúkú ni gbogbo rẹ̀. Mo ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àti pé iye góòlù nìkan kò lè jẹ́ ká mọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Massachusetts á ti gbọ́ ìròyìn Boston College ti 2024. Cutter Gauthier gbá góòlù 38 ní sáà yẹn, Will Smith kó pọ́íǹtì 71 (góòlù àti páàsì tó bí góòlù), Ryan Leonard àti Gabe Perreault tún wà pẹ̀lú wọn. Ìwọ̀nba ẹgbẹ́ ló ní atamátàsé tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú àṣekágbá ní Saint Paul, ní Minnesota, ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin, Matt Davis tó ń ṣọ́lé fún Denver gba 35 lọ́wọ́ wọn, eré parí sí 2–0. Òdo ni wọ́n gbé lọ sílé. Ṣúùtù 35 náà ni, bí iye tí ẹ kọ síbí yìí gan-an, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé àwọn ọmọ yẹn kò mọ̀ ọ́n gbá.

Ṣùgbọ́n alẹ́ kan kì í ṣe oṣù kan. Bó bá ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni ibi tí ṣúùtù 35 yẹn ti ń wá. Àwọn tó ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ kì í bèèrè. Èyí tí wọ́n gbá láti ẹ̀gbẹ́ pátákó tó yí pápá ká, tí aṣọ́lé ti rí láti òkèèrè tó sì fi àyà gbà, àti èyí tí wọ́n tì láti ẹnu ilé gan-an, ọ̀kan náà ni wọ́n lórí ìwé. Àwọ̀n họ́kì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 6, ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 4. Ẹ wá mú ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan dúró síbẹ̀, ẹ di páàdì mọ́ ọn láti ẹsẹ̀ dé itan, ẹ fún un ní ìbọ̀wọ́ ńlá àti ọ̀pá fífẹ̀. Bó bá ti dúró dáadáa, tó sì ń rí pọ́ọ̀kì, ihò tó kù kò tó nǹkan. Nínú gbogbo ṣúùtù, aṣọ́lé kọ́lẹ́ẹ̀jì máa ń gba nǹkan bí 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó bá wá láti ìlà búlúù (ìlà tó pààlà agbègbè tí ilé ọ̀tá wà) láìsí ẹni tó dí i lójú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ọ̀kan sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ yé wo bí ṣúùtù ṣe le tó, kí ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣáájú rẹ̀. Ẹ fi ojú inú fa ìlà kan láti àárín àwọ̀n jáde lọ sí ìlà búlúù, kó pín iwájú ilé sí apá ọ̀tún àti apá òsì. Bí páàsì bá sọdá ìlà yẹn, aṣọ́lé gbọ́dọ̀ fi gbogbo ara yọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á là, ojú rẹ̀ á pàdánù pọ́ọ̀kì fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó gba páàsì náà bá sì ṣúùtù lójú ẹsẹ̀ láìdá a dúró, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọ̀nà mìíràn ni kí ẹnì kan lọ dúró síwájú aṣọ́lé kó dí i lójú, tàbí kó fi ọ̀pá yí pọ́ọ̀kì padà lójú ọ̀nà. Òmíràn ni kí pọ́ọ̀kì bọ́ lára aṣọ́lé kí ẹnì kan sì ti wà nítòsí tó máa tì í wọlé. Ẹgbẹ́ tí kò bá ṣe èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, ì báà ṣúùtù 50, ara aṣọ́lé ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́. Ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń tún ṣe fún un.

Ibi tí ariwo "Ṣúùtù!" ti ń ṣini lọ́nà nìyẹn. Mo mọ̀ pé ó dùn ún pa. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ṣúùtù nígbà tí adílémú méjì ti dúró sójú ọ̀nà, wọ́n á ká orúnkún sílẹ̀, pọ́ọ̀kì á ta lára wọn, á sì fò jáde kúrò ní agbègbè náà. Nígbà mìíràn ẹ̀yìn àwọn tiyín ló ń gbà, ẹgbẹ́ tí kò pé yẹn á wá gbá góòlù wọlé wọn. Àwọn ọmọ yìí kò ṣìnà bí wọ́n ṣe ń wá páàsì kan sí i. Àṣìṣe wọn ni pé ẹ̀bá pátákó ni wọ́n ti ń wá a, láìsí ẹnikẹ́ni lẹ́nu ilé. Ẹnu ilé ń dunni. Ọmọ ọdún 18 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á bá adílémú ọmọ ọdún 23 tàbí 24 pàdé níbẹ̀, ẹni tó ti gbá líìgì ọ̀dọ́ dáadáa kó tó wọ yunifásítì, tí ara rẹ̀ sì ti gbó. Yóò fi ọ̀pá lù ú lọ́rùn ọwọ́, á fi ìgbáròkó tì í kúrò. Lẹ́yìn oṣù kan, ọ̀pọ̀ ọmọ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbá họ́kì yí ká ẹnu ilé dípò kí wọ́n wọ inú rẹ̀, láìmọ̀ pé àwọn ń ṣe é. Lórí fídíò ó máa ń hàn kedere. Ojú máa ń tì wọ́n bí wọ́n bá rí i.

Ní ti power play gan-an, èrò ń wo ibi tí wọ́n ti ń ṣúùtù, ṣùgbọ́n àárín pápá ni mo ti sábà máa ń rí àrùn náà. Ẹgbẹ́ tí kò pé ní àǹfààní kan tí wọn kì í ní nígbà tí wọ́n bá pé: wọ́n lè gbá pọ́ọ̀kì jù nù dé òpin pápá kejì, rẹfirí kò sì ní dá eré dúró. Pápá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 200. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá jù ú nù, àwọn tiyín gbọ́dọ̀ padà lọ gbé e, kí wọ́n tò, kí wọ́n tún gòkè, ìyẹn sì lè jẹ ìṣẹ́jú-àáyá 15 tàbí 20. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìdajì power play ti lọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣúùtù. Face-off àkọ́kọ́ náà wà níbẹ̀: agbègbè ẹgbẹ́ tó jẹ̀bi ni wọ́n ti ń ju pọ́ọ̀kì sílẹ̀, ẹni tó bá pàdánù rẹ̀ ti fún wọn láyè láti jù ú nù lẹ́ẹ̀kan ná. Mo ti rí power play tí wọ́n ń bú kóòṣì rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, tó sì jẹ́ pé ẹni tó ń gba face-off fún wọn ló ṣèṣe.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọ agbègbè ọ̀tá. Páàsì ẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń lò báyìí: adílémú á gbé pọ́ọ̀kì súnmọ́ àárín pápá, á jù ú sẹ́yìn fún ẹni tó ń bọ̀ tòun ti eré, ẹni yẹn á sì gbà á já láàárín wọn. Bí ẹni tó ń bọ̀ bá yára lóòótọ́, tí àwọn mẹ́ta tó kù sì ń yọ̀ lọ, ó dára. Bí àwọn mẹ́ta bá wá dúró gbagidi lórí ìlà búlúù tí wọ́n ń retí, ọ̀tá mẹ́rin náà á kàn tò síwájú wọn, pọ́ọ̀kì á sì padà síbi tó ti wá. Bóyá mo kórìíra páàsì yìí ju bó ti yẹ lọ, àmọ́ mo ti gé fídíò rẹ̀ tó pọ̀ jù.

Bí wọ́n bá wá wọlé tí wọ́n tò, 1-3-1 ni ẹ óò rí lọ́pọ̀ ìgbà: ẹnì kan lókè ní ìlà búlúù, mẹ́ta ní àárín láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, ẹnì kan lẹ́nu ilé. Ọ̀tá mẹ́rin kò ní sáré lé wọn. Wọ́n á kó ara jọ síwájú aṣọ́lé bí àgbébọ̀ tó ràdọ̀ bo ọmọ. Ohun tó máa tú wọn ká ni páàsì tó sọdá àárín, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì ti ń wọlé, èyí tí àwọn òǹwòran kì í fiyè sí. Ẹni tó bá dúró ní òbìrípo apá òsì, ọ̀kan nínú òbìrípo méjì tí wọ́n yà sórí yìnyín ní ẹ̀gbẹ́ iwájú ilé, gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń fi apá ọ̀tún gbá, kí ojú ọ̀pá rẹ̀ lè kọjú sí àárín, kó lè ṣúùtù bí páàsì bá ṣe ń dé. Ibẹ̀ ni Alex Ovechkin ti Washington Capitals ti ń dúró láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 2025, ibẹ̀ náà ló ti gbá góòlù tó sọ tirẹ̀ di 895, tó fi kọjá Wayne Gretzky, ẹni tí góòlù rẹ̀ pọ̀ jù lọ ní NHL tẹ́lẹ̀, orí power play sì ni. Gbogbo ayé mọ ibi tó máa dúró sí, síbẹ̀ ènìyàn mẹ́rin kò lè dí ibi márùn-ún. Jarome Iginla náà, tí bàbá rẹ̀ ti Nàìjíríà wá, ó fẹ́ràn apá ibẹ̀ yẹn. Góòlù 625 ló gbá ní NHL. (Òun kò gba kọ́lẹ́ẹ̀jì kọjá o, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ obìnrin, Jade, gbá fún Brown ní Providence, kò jìnnà sí yín.) Àwọn tó ń fi apá òsì gbá ló pọ̀ jù nínú họ́kì. Bí ẹgbẹ́ yín kò bá ní ẹni tó ń fi apá ọ̀tún gbá tó sì mọ ṣúùtù, kò sí ohun tí kóòṣì lè yà sójú pátákó ní oṣù kọkànlá tó máa bí i fún un. Ìgbà tí wọ́n ń wá ọmọ sílé ẹ̀kọ́ ló ti yẹ kí wọ́n ro ìyẹn.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì tún ní ìṣòro tiẹ̀ tí NHL kò ní. Lọ́dọọdún ni ẹgbẹ́ ń tú: àwọn kan gba ìwé ẹ̀rí, àwọn kan lọ gbowó, àwọn kan yí ilé ẹ̀kọ́ padà. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ 2025, àwọn ọmọ tó ti gbá nínú àwọn líìgì ọ̀dọ́ ńlá Kánádà náà ti lè wọ NCAA, ohun tí òfin kì í gbà tẹ́lẹ̀. Bí Gavin McKenna, ọ̀dọ́ eléré ará Kánádà kan, ṣe dé Penn State nìyẹn. Ẹ̀bùn ń wọlé, àmọ́ àwọn márùn-ún tó ń gbá power play pọ̀ ní oṣù kẹta lè má ku ju ẹyọ kan lọ ní oṣù kẹwàá. Òfin kò sì gbà ju wákàtí 20 lọ́sẹ̀ fún ìgbáradì àti eré pọ̀. Ẹ yọ Jímọ̀ àti Sátidé kúrò, ẹ yọ sísáré, gbígbé irin àti ìpàdé: ìwọ̀nba ìṣẹ́jú ló kù fún power play láàárín ọ̀sẹ̀. Páàsì tó ń sọdá àárín láìwò kò ṣeé kọ́ lórí pátákó. Kí ọwọ́ àwọn méjèèjì mọra ni, ó sì ń gba oṣù. Lákòókò yìí kan náà, àwọn bíi tèmi lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ọ̀tá ti ń gé fídíò yín. Kí Kérésìmesì tó dé, gbogbo ẹgbẹ́ inú líìgì yín ti mọ ibi tí páàsì àkọ́kọ́ ń lọ.

Kí ni wọ́n lè ṣe? Pípààrọ̀ àwọn márùn-ún ló rọrùn jù, òun náà ni èrò máa ń fẹ́, ṣùgbọ́n ó ń fọ́ ìmọra díẹ̀ tí wọ́n ti ní. Wọ́n lè kó ọmọ iwájú márùn-ún sórí yìnyín láìsí adílémú kankan: ọwọ́ tó mọ ṣúùtù á pọ̀ sí i, àmọ́ bí pọ́ọ̀kì bá bọ́, kò sí ẹni tó mọ bí a ṣe ń yọ̀ sẹ́yìn dènà. Èmi, bó bá jẹ́ tèmi, màá sọ power play di ohun tó rọrùn fún ọ̀sẹ̀ méjì: ẹni méjì lẹ́nu ilé, ṣúùtù nílẹ̀ẹ́lẹ̀ láti òkè, kí gbogbo ènìyàn sì wá èyí tó bá bọ́. Kò lẹ́wà. Wọ́n á dènà púpọ̀ nínú rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí góòlù kan wọlé tiyín níbẹ̀. Ṣùgbọ́n yóò fa àwọn mẹ́rin yẹn wálẹ̀ sẹ́nu ilé, àyè páàsì tó ń sọdá á sì tún ṣí sílẹ̀. Bí wọn ò bá ní agbára lára láti dúró lẹ́nu ilé, ìyẹn náà kò ní ṣiṣẹ́.

Mi ò tíì wo ẹgbẹ́ yín, iye tí ẹ kọ ránṣẹ́ nìkan ni mo rí, nítorí náà ẹ̀yin lẹ máa bá mi wò ó. Ní eré mẹ́rin tó ń bọ̀, ẹ gbàgbé góòlù. Ẹ mú bírò. Lórí power play, ẹ ka iye ìgbà tí wọ́n gbé pọ́ọ̀kì wọ agbègbè ọ̀tá láìpàdánù rẹ̀, àti iye páàsì tó sọdá àárín tí ṣúùtù sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n pé márùn-ún márùn-ún, ẹ ka ṣúùtù tó wá láti àárín òbìrípo méjèèjì sí ẹnu ilé, ẹ fi wé 35 yẹn. Bí èyí tó wá láti ibẹ̀ bá tó ìdá kan nínú mẹ́ta, tí wọ́n sì ń wọlé dáadáa lórí power play, sùúrù ni mo bẹ̀ yín. Góòlù á wá, ó sì lè wá ní àkúnya. Bí wọn ò bá rí márùn-ún níbẹ̀ lálẹ́ kan, ẹ̀yin lẹ jàre, nǹkan ti bàjẹ́.

Ní ti kóòṣì tí ẹ fẹ́ ká lé: ilé ẹ̀kọ́ kì í sábà lé olórí kóòṣì láàárín sáà, mi ò sì rò pé ó tọ́ kí wọ́n ṣe é nítorí power play. Òun ló mú àwọn ọmọ náà wá, lílé e lè kó ìdajì wọn lọ. Ẹ sì mọ̀ pé lọ́pọ̀ ibi, olùrànlọ́wọ́ kan ni power play wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe olórí. Bí oṣù kejì bá dé tí mẹ́ta ṣì ń dúró gbagidi lórí ìlà búlúù, tí ẹnu ilé ṣì ṣófo, olùrànlọ́wọ́ yẹn ló yẹ kí wọ́n gba power play lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, kí wọ́n sì ṣe é kí ìdíje líìgì tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta.